NAS, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, Raspberry Pi àbí háàdì lẹ́yìn ráótà: èwo lẹ fẹ́ rà fún orin inú ilé?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yanjú èyí tó máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Bí orin yín bá wà nínú ẹ̀rọ kan nílé, tí fóònù yín ń gbà á látorí Wi-Fi ilé yẹn náà, kò jẹ dátà. Kò jẹ rárá. Bàámi ò gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tan orin báyìí fún wọn nílé wa ní Adó, wọ́n ní "ìwọ ọmọ yìí, pa kiní yẹn, dátà ẹ ń lọ", ni mo bá yọ síìmù kúrò nínú ráótà, orin ṣì ń lọ, wọ́n wò mí, wọ́n wo ráótà, wọ́n ní "ó dáa, gbé e sókè díẹ̀."

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kiní yìí wúlò fún àwa tá a wà ní Èkìtì ju ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kì í já lọ. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà (NAS ni àpótí háàdì tí wọ́n ń so mọ́ ráótà, Raspberry Pi ni kọ̀ǹpútà kékeré kan), owó wọn ò dọ́gba, wàhálà wọn náà ò dọ́gba. Mi ò ní dárúkọ iye torí iye tí wọ́n pè lánàá lè má jẹ́ tòní, ẹ bèèrè láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rà á gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí orin yín ṣe pọ̀ tó ná. MP3 tó dáa jù, ìyẹn 320 kbps, wákàtí kan ẹ̀ ò ju bíi 144MB lọ. FLAC (irú fáìlì tí kì í yọ nǹkan kan kúrò lára orin) tí wọ́n yọ látinú CD máa ń tó 350MB tàbí kó lé díẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ wá ṣírò ẹ̀, 1TB máa gba bíi 2,800 wákàtí FLAC. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra 8TB fún orin nìkan, ọjà ẹ̀ ló ń tà. Bákan náà ni ti ìyára, orin CD ò kọjá 1.4 Mbps kódà bí wọn ò bá fún un pọ̀ rárá, wáyà ráótà tó jẹ́ 100 Mbps máa gbé e fún gbogbo ará ilé kó tún ṣẹ́kù, torí náà ẹ má san owó ìyára tẹ́ ẹ ò ní lò.

Háàdì tí wọ́n kì sẹ́yìn ráótà ló rọrùn lówó jù. Bí ráótà yín bá ní ihò USB (MiFi kékeré àpò yẹn kì í sábà ní in) ẹ ki háàdì bọ̀ ọ́, ẹ tan DLNA (ohun tó ń jẹ́ kí fóònù rí orin lára ráótà), VLC, áàpù tó ń kọ orin lórí fóònù, máa rí i. Ó tán. Kò sí báákọ́ọ̀pù, wíwá orin máa ń falẹ̀, bí iná bá sì já, ó já lórí háàdì nìyẹn. Ẹ fi dán kiní ọ̀hún wò, ẹ má fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo máa ń júwe fún ẹni tí owó ẹ̀ ò tíì gbó keke, torí pé bátìrì ẹ̀ ni UPS ẹ̀, ìyẹn àpótí bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ó ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ ni, fáìlì ò ní já sí méjì níbi tó ti ń wọlé. Bí ojú ẹ̀ bá wà ní pípa, wáàtì 10 sí 20 ló máa ń jẹ. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣètò ẹ̀ kó má sùn bẹ́ ẹ bá pa á dé, torí orin máa dákẹ́ lójijì, ẹ máa rò pé Wi-Fi ló bàjẹ́, èmi fúnra mi ti pa ráótà tàn nígbà mẹ́rin lálẹ́ ọjọ́ kan nítorí ìyẹn kí n tó rí i pé láptọ́ọ̀pù ló ń sùn fọnfọn. Bó bá jẹ́ Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, Microsoft ti dáwọ́ dúró lórí ìyẹn láti 14 October 2025, ẹ fi Debian tàbí Ubuntu (Linux tó ń rọ́pò Windows) sí i, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ wá gbé Navidrome (ètò tó ń pín orin ilé fún fóònù) lé e, ìyẹn náà ọ̀fẹ́ ni.

Ohun tí kò dáa lára ẹ̀ ni pé bátìrì tó bá wà lójú iná lọ́sàn-án lóru máa ń wú. Bẹ́ ẹ bá rí i tí ibi tẹ́ ẹ fi ń darí mọ́ọ̀sì ń gbé sókè bí àkàrà tó bọ́ sínú epo gbígbóná, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yọ bátìrì náà. Ọ̀pọ̀ Lenovo ní ibi tẹ́ ẹ ti lè sọ fún un kó má ṣàájì kún, ẹ lò ó. Èkejì ni pé bí iná bá pẹ́ títí bátìrì fi kú, kì í sábà tan ara ẹ̀ padà. Àwọn Dell kan ní Wake on AC nínú BIOS (ojú ètò tó wà kí Windows tó ṣí) tó ń bá èèyàn yanjú ìyẹn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níwájú ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó.

Raspberry Pi ńkọ́? Pi 4 jáde lọ́dún 2019, Pi 5 lọ́dún 2023, fún orin Pi 4 ti tó, ẹ má da ara yín láàmú. Kò fẹ̀ ju káàdì ATM lọ, ó kàn nípọn ni. Tòun ti háàdì kékeré kan, bíi wáàtì 6 sí 7 ló ń jẹ, kò pariwo, bí iná bá sì dé ó ń tan ara ẹ̀. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, òun ni mò ń lò, síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kí gbogbo ayé rà á. Lákọ̀ọ́kọ́, orí káàdì mẹ́mórì ló ń gbé, káàdì mẹ́mórì kì í sì í fara da iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ṣájà fóònù ò tó o, 5V 3A ló fẹ́, bẹ́ ẹ bá so ó mọ́ tẹlifíṣàn tẹ́ ẹ rí àmì mànàmáná kékeré lójú ẹ̀, iná tó ń wọlé ò tó nìyẹn. Ihò USB mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára Pi 4 jọ ń pín 1.2A ni. Ẹ ki háàdì méjì bọ̀ ọ́ láì ní họ́ọ̀bù tó ní iná tiẹ̀, ẹ máa gbọ́ kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀ bí ìgbà tí aláǹgbá ń fi orí kan páànù. Ohùn yẹn ò dáa létí o.

Ó wá ku NAS gan-an, àpótí oníháàdì méjì, irú ti Synology, QNAP, TerraMaster, Ugreen. Fún ẹni tí ò fẹ́ tẹ kọ̀máǹdì kankan, òun ló tu èèyàn lára jù. Ẹ tan án, ẹ ṣí i látorí fóònù, ó ń bi yín ní ìbéèrè ẹ̀ ń dáhùn, ó parí. Ibi tẹ́ ẹ máa sọ fún un kó tan ara ẹ̀ bí iná bá dé wà níbẹ̀, báákọ́ọ̀pù wà níbẹ̀, UPS tó ní wáyà USB lè bá a sọ̀rọ̀ pé "iná ti lọ o, fara balẹ̀ kú." Ṣùgbọ́n kò ní bátìrì nínú, torí náà owó UPS wà lára owó NAS, kẹ́ ẹ má tan ara yín. Òfìfo ni wọ́n sì sábà máa ń tà á, ẹ ṣì máa ra háàdì méjì sí i. Bó bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Ní Adó níbí ẹni tó lè tú láptọ́ọ̀pù pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ẹni tó ti rí inú NAS rí ò pọ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ fi wáábíìlì gbé e padà lọ sí Lagos.

Iná ló ń dájọ́ gbogbo ẹ̀ fún ẹni tó ń lo ínfátà. Bátìrì 12V 100Ah kan, 1,200 wáàtì-wákàtí ló kọ sára, bó bá jẹ́ oníásíìdì kò yẹ kẹ́ ẹ lò ó kọjá ìdajì, 600 nìyẹn. NAS tó ń jẹ wáàtì 20 tọ̀sán-tòru máa jẹ 480 lójúmọ́. Pi tó ń jẹ 7, 168 péré. Torí orin! Fáànù àti gílóòbù ṣì wà nílẹ̀ o. Bẹ́ ẹ bá ti ní sólà tó dáa, ẹ fò ó, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín.

Nípa háàdì fúnra ẹ̀, bó bá jẹ́ ti NAS, ẹ bèèrè CMR, ẹ má gba SMR (ọ̀nà méjì tí háàdì ń gbà kọ fáìlì sílẹ̀ ni wọ́n, SMR máa ń falẹ̀). Lọ́dún 2020 ló hàn sí gbogbo ayé pé SMR wà lára àwọn WD Red kan láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀. WD Red Plus àti Seagate IronWolf, CMR ni wọ́n. Fún Pi àti láptọ́ọ̀pù, háàdì àpò lásán ti tó. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú, mo ti ra fúláàṣì "2TB" kan rí lọ́wọ́ ẹnì kan tó fẹ̀yìn ti ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó kọ́kọ́ gba gbogbo orin mi, ìgbà tí mo wá tẹ̀ ẹ́, orin ń já ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, mo fi H2testw (ètò tó ń yẹ ààyè inú háàdì àti fúláàṣì wò) wò ó, 58GB péré ló ní nínú. Ẹ̀yin onílíńọ́ọ̀sì, F3 ni tiyín. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ jẹ́ kó parí kẹ́ ẹ tó kó nǹkan gidi sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ máa gbọ́ orin ilé ẹ̀ láti ọ́fíìsì, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ráótà yín sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní January 2022 ni ètò burúkú kan tó ń jẹ́ DeadBolt wọ inú ọ̀pọ̀ QNAP tí wọ́n ṣí síta báyẹn, ó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, ó ní kí wọ́n wá sanwó. Tailscale ni kẹ́ ẹ lò, áàpù tó ń so fóònù yín mọ́ ilé ní ìkọ̀kọ̀. Kẹ́ ẹ ní kí Navidrome fún orin pọ̀ sí 128 kbps kó tó jáde, bíi 58MB ni wákàtí kan máa jẹ nínú dátà yín, níta nìkan ló ti ń jẹ ẹ́ ṣá.

Wàyí o, báákọ́ọ̀pù. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa sọ fún yín pé NAS ní háàdì méjì tó ń ṣe ohun kan náà, pé báákọ́ọ̀pù nìyẹn. Irọ́ ni. RAID 1 lorúkọ ìyẹn, ohun tó wà fún ni pé bí háàdì kan bá kú kí orin má dákẹ́. Ẹ fọwọ́ pa fódà kan rẹ́ báyìí, ó pa rẹ́ lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí àrá sì sán wọ ilé, ẹ mọ bí àrá wa ṣe máa ń ṣe láàárín òkè wọ̀nyí, méjèèjì jọ lọ ni, torí inú àpótí kan náà ni wọ́n ń gbé.

Mi ò sọ̀rọ̀ yìí látinú ìwé. Èmi ò ní NAS, Pi ni mo ní, háàdì méjì wà lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀kan fún orin, ìkejì fún báákọ́ọ̀pù, rsync (ètò tó ń da fáìlì kọ) ń kó ọ̀kan sí èkejì ní aago méjì òru, mo sì fi --delete sí i kí ohun tí mo bá pa rẹ́ níbí pa rẹ́ lọ́hùn-ún. Mo rò pé mo gbọ́n. Lóru ọjọ́ kan iná lọ, iná dé, Pi tan, háàdì orin ò jí. Fódà ẹ̀ wà níbẹ̀ lófìfo. Aago méjì lù, rsync wo ibi orin, kò rí nǹkan kan, ó ní áà, ọ̀gá ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ó bá mi pa ti báákọ́ọ̀pù náà rẹ́ tónítóní. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbìyànjú láti jí háàdì orin yẹn lọ́jọ́ kejì, kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀ ló ń ṣe, kò jí. Fújì ibẹ̀, àpàlà ibẹ̀, gbogbo ẹ̀ ṣeé wá padà. Ohun tí ò ṣeé wá padà ni kásẹ́ẹ̀tì alámọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi òkú ìyá ìyá mi, àwọn obìnrin ilé ló ń kọ ọ́, ẹ máa gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń wúkọ́ láàárín, ẹnì kan ń pe ọmọ pé kó gbé omi wá, téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì náà sì ti já lẹ́yìn tí mo yọ ọ́ sí FLAC. Orí ló bá mi ṣe é, mo ti fi fúláàṣì kó ìyẹn fún àǹtí mi ní Ìkẹ́rẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ nínú mọ́tò. Inú mọ́tò ni mo ti lọ gbà á.

Torí náà ẹ pín orin yín sí méjì kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Èyí tó ṣeé wá padà, háàdì kejì lásán ti tó o. Èyí tí kò sí lọ́dọ̀ ẹlòmíì láyé, ìyẹn kì í pọ̀ rárá: ogún kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan, bíi 7GB ni wọ́n máa jẹ́ ní FLAC, ó wọ inú 15GB ọ̀fẹ́ tí Google ń fúnni. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ti 400GB lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní 5 Mbps ó máa gbà ju ọjọ́ méje lọ láìdúró, ká má tíì sọ̀rọ̀ owó dátà. Bẹ́ ẹ bá sì ń lo rsync bíi tèmi, ẹ fi fáìlì kékeré kan sórí háàdì orin, kí iṣẹ́ yẹn kọ́kọ́ wá a kó tó da nǹkan kan kọ, bí kò bá rí i kó dúró. Lóṣooṣù, ẹ ṣí báákọ́ọ̀pù yín, ẹ tẹ orin kan níbẹ̀, ẹ gbọ́ ọ débi ìparí.

Èmi ti pa --delete tì. Háàdì báákọ́ọ̀pù di méjì, ọ̀kan wà ní Adó, èkejì wà nílé àǹtí mi nínú àpótí aṣọ, wọ́n fi ọ̀rá wé e. Bí mo bá ń lọ sí Ìkẹ́rẹ́ mo gbé ti Adó dání, mo gbé tiwọn bọ̀. Àǹtí mi ti mọ̀ ọ́n débi pé kí wọ́n tó bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n á ní "kiní ẹ wà nínú àpótí, wẹ ọwọ́ ẹ kó o tó fọwọ́ kan aṣọ mi."