Ère Búdà Nara àbí ti Kamakura, èwo lẹ máa lọ wò?

Àwọn tó ń lọ Jàpáànì máa ń bi mí pé tó bá jẹ́ ère Búdà ńlá kan péré làwọn máa rí, èwo ni. Idẹ lère méjèèjì, ti ìlú Nara àti ti ìlú Kamakura. Ti Nara ló dàgbà jù, ọdún 752 ni wọ́n la ojú ẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ṣayẹyẹ yà á sí mímọ́, ó ga tó mítà 15, inú gbọ̀ngàn onígi ló wà, òjò ò ní pa yín. Ti Kamakura ò ju bíi mítà 11 lọ, 1252 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìta gbangba ló jókòó sí torí ìjì àti omi òkun ti gbé ilé orí ẹ̀ lọ.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí: ogun ti jó ti Nara lẹ́ẹ̀mejì, 1180 àti 1567, orí tẹ́ ẹ máa rí yẹn, ẹ̀yìn 1680 ni wọ́n rọ ọ́, àmọ́ ti Kamakura, ojú àtijọ́ yẹn náà ṣì ni, idẹ ẹ̀ ti ń ṣe àwọ̀ ewé, ó sì rẹwà lójú mi ju wúrà lọ.

Owó ìwọlé Kamakura ò tó ti Nara. Tó bá jẹ́ Tokyo lẹ dé sí, Kamakura ni, bíi wákàtí kan ni nínú ọkọ̀ ojú irin. Tẹ́ ẹ bá wà ní Kyoto, tàbí tẹ́ ẹ mú ọmọ dání, ẹ gba Nara lọ, àwọn àgbọ̀nrín tó ń rìn káàkiri níbẹ̀ á dùn mọ́ wọn, ẹ ṣáà ṣọ́ra o, wọ́n lè gé yín jẹ tí wọ́n bá rí oúnjẹ lọ́wọ́ yín.