Bonneville T120 tàbí Commando 850: èwo ni ká rà nínú alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tún ṣe?

Triumph Bonneville T120 ọdún 1968 ló rọrùn jù láti tọ́jú. Norton Commando 850 ló dùn jù láti gùn lọ sọ́nà jíjìn. Ẹ́ńjìnnì T120 jẹ́ 649cc, ó fúyẹ́, àmọ́ ó máa ń gbọ̀n gan-an bí eré bá ti pọ̀. Ti Commando jẹ́ 828cc. Orí rọ́bà tí wọ́n ń pè ní Isolastic ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì àti táyà ẹ̀yìn lé, kí ìgbọ̀nrìrì má baà dé ara ẹni. Rọ́bà yìí gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò: àlàfo rẹ̀ yẹ kó jẹ́ bíi 0.25mm. Bó bá fẹ̀ jù, alùpùpù á máa fì ní kọ́nà; bó bá há jù, á máa gbọ̀n bíi Triumph.

Ní ti T120, ọ̀dà tó ń dán kò jámọ́ nǹkan kan. Ẹ béèrè bóyá wọ́n tú crankshaft (irin tí písítìnnì ń yí nínú ẹ́ńjìnnì), tí wọ́n sì fọ sludge trap inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ọ́ìlì ń kó sí. Bó bá dí, ọ́ìlì kò ní dé bẹ́árìn big-end (èyí tó wà lára crankshaft) mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Rìsíìtì iṣẹ́ yìí níye lórí ju ogún fọ́tò lọ. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti férémù gbọ́dọ̀ bára mu.

Bí Commando bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ́ìlì á ṣàn láti táńkì sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ dà á síta kí ẹ tó fẹsẹ̀ ta á. Commando Mk3 (ẹ̀dà kẹta) ọdún 1975 ní sítátà oníná, àmọ́ kò lágbára; jíà rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ òsì.