Ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́: ẹ ra èso, ẹ fi ti inú ìgò sílẹ̀

Ẹni tó bá ń wá ewé fún ìtọ̀ ṣúgà ní Àkúrẹ́, Ọjà Ọba ni kó gbà lọ, kó fi àwọn tó ń polówó àgbo nínú mọ́tò sílẹ̀. Ìyá tí èmi ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í pariwo. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Tíṣà, oògùn òyìnbó wo lẹ ń lò?" Mo ní metformin àti glibenclamide. Ló bá dá ejìnrìn tó ti ń dì fún mi padà sórí àtẹ, ó ní kí n lọ bi dókítà mi ná.

Inú mi dùn sí i. Ejìnrìn ń fa ṣúgà wálẹ̀, glibenclamide náà ń fà á wálẹ̀. Bí méjèèjì bá bá ara wọn nínú ẹni tí kò tíì jẹun, òòyì àti ọwọ́ gbígbọ̀n ló kù. Bí ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ti ka iye tó kéré sí 70 mg/dL, ẹ tètè wá nǹkan dídùn mu. Metformin gan-an, ipasẹ̀ ewé kan tó ń jẹ́ Galega ni wọ́n tọ̀ dé ìdí rẹ̀, kí ilẹ̀ Faransé tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú aláìsàn ní 1957.

Èso abẹ́ẹ̀rẹ̀ ni mo wá ń rà, lẹ́yìn tí dókítà gbọ́ sí i. Ìyá yìí á dà á sórí àtẹ, á ṣa èyí tó ti bu àti èyí tí kòkòrò ti lu kúrò lójú yín, kó tó wọ̀n ọ́n. Ó korò débi pé ewúro máa dà bí ìrèké lẹ́nu yín. Ṣé òun ló mú ṣúgà mi wálẹ̀? N kò lè búra, torí mo ṣì ń lo oògùn mi, mo sì ti dín iyán alẹ́ kù. (Ẹni tó ń gbé òkèlè ràbàtà mì lálẹ́, tó tún ń mu àgbo láàárọ̀, ta ló ń tàn?)

Àwọn ìgò àgbo tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni n kò fẹ́ràn. Kò sí déètì, kò sí nọ́ńbà NAFDAC. Mo bi í ohun tó wà níbẹ̀, ó ní, "Gbogbo ẹ̀ ló pé síbẹ̀." Irú gbogbo wo nìyẹn?

Ẹ ná ọjà o, ó máa ń dín owó. Ẹ mú ike tó gbẹ dání, torí ọ̀rá tó fi ń dì í máa ń tètè ya.