Ìkìlọ̀: ẹ má ra ìpín "òkúta òkun" tí wọ́n ń tà kiri Kubwa

Ẹ̀yin ará wa ní Kubwa, Bwari àti Lugbe, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ọkùnrin kan ti ń lọ láti ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan sí òmíràn, tó ń ta ohun tó pè ní ìpín nínú iṣẹ́ ìwakùsà abẹ́ òkun, ₦250,000 ní ìpín kan, pẹ̀lú ìlérí pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹni yóò máa wọlé bí èrè lóṣooṣù. Mo ra ìpín méjì. Wọ́n san ₦50,000 fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ san ₦40,000 "owó ìtúsílẹ̀" kí wọ́n tó lè dá mi lóhùn.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Òkúta dúdú tó tóbi tó ànàmọ́ wà lóòótọ́ ní ilẹ̀ òkun Pàsífíìkì, láàárín Hawaii àti Mexico, níbi tí omi ti jìn tó 4,000 sí 6,000 mítà, níkẹ̀lì, kóbáàtì, bàbà àti máńgánísì sì wà nínú wọn. Ó tilẹ̀ gbé ọ̀kan wá fún wa láti fọwọ́ kàn. Ẹnìkan tó dàgbà sí Jos sọ fún mi lẹ́yìn náà pé irú òkúta yẹn kún ẹ̀yìnkùlé àwọn.

Èrè yẹn gan-an ni irọ́. Àjọ tó ń ṣàkóso ilẹ̀ òkun àgbáyé, tó fi Kingston ní Jàmáíkà ṣe ibùjókòó, ti fún àwọn kan ní ìwé-àṣẹ ìwádìí, ṣùgbọ́n kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti wa òkúta náà tà. Ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ tí yóò máa kó òkúta nísàlẹ̀, páìpù tí yóò fà á gòkè àti iná tí yóò yọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ lèèyàn gbọ́dọ̀ náwó lé kó tó ta tọ́ọ̀nù kan. Nautilus Minerals, tó fẹ́ wa bàbà àti góòlù lábẹ́ òkun Papua New Guinea, wọko gbèsè ní 2019, ìjọba ibẹ̀ sì pàdánù nǹkan bíi mílíọ̀nù 120 dọ́là. Kóbáàtì tó ju 80,000 dọ́là lọ ní tọ́ọ̀nù kan ní 2022 ti já wálẹ̀ kọjá 25,000 nígbà tí 2025 bẹ̀rẹ̀, nítorí Kóńgò àti Indonesia ń wà á jáde lọ́pọ̀ yanturu nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ bátìrì mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná nílẹ̀ Ṣáínà kò sì lò ó mọ́ rárá.

Níbo wá ni ₦50,000 mi ti wá? Àwọn tó sanwó lẹ́yìn mi ló ni ín, ìyàwó àbúrò mi sì wà lára wọn, èmi ni mo mú un lọ.

Ìwé CAC tó ń fi hàn kò ju pé ó forúkọ òwò sílẹ̀ lọ; SEC ló ń fúnni láṣẹ láti gba owó ìdókòòwò lọ́wọ́ aráàlú, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má san owó ìtúsílẹ̀ kankan. Àwa mẹ́fà ń lọ sí ọ́fíìsì EFCC ní Jabi lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí ìsanwó, kó dákun mú ẹ̀dà rẹ̀ wá pàdé wa níbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀.