Ẹ̀rọ Ìgékoríko Alájòókòó Lórí Ilẹ̀ Olókè: Àyẹ̀wò Láti Adó-Èkìtì

Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ń bójú tó ọgbà rẹ̀ ní Adó-Èkìtì ra ẹ̀rọ ìgékoríko alájòókòó kan, tòkúnbọ̀ tí ń lo epo bẹntiróòlù, tí fífẹ̀ ibi tí ó ń gé lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ ínṣì 42. Pápá bọ́ọ̀lù wa ti kọjá ohun tí òṣìṣẹ́ méjì lè fi ẹ̀rọ àgbékọ́jìká gé tán kí òjò tó tún mú koríko rẹ̀ hù. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, n kò rí ẹ̀sùn kankan fi kàn án: gígé rẹ̀ dọ́gba, kì í fi koríko sílẹ̀ ní òkítì òkítì, ẹni tí ó ń wà á kì í sì í sunkún ẹ̀yìn àti èjìká nígbà tí ó bá sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ pẹrẹsẹ kọ́ ni ó pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ wa, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ààbò ẹ̀rọ yìí ju bí ó ṣe ń yára gé koríko lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò kì í ṣe ọ̀dà tàbí táyà, bí kò ṣe ìsàlẹ̀ ìjókòó. Suwíìsì kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó máa ń mọ̀ bóyá ènìyàn wà lórí ẹ̀rọ. Bí awakọ̀ bá dìde tàbí tí ó já bọ́ nígbà tí abẹ ń yí, suwíìsì yìí ni yóò pa ẹ́ńjìnnì, abẹ yóò sì dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 bí ẹ̀rọ bá ṣe déédéé. Etí abẹ wọ̀nyí lè máa sáré tó kìlómítà 300 ní wákàtí kan, kò sì sí bàtà tí ènìyàn lè wọ̀ tí yóò gba ẹsẹ̀ là lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí mẹkáníìkì wa tú ìjókòó tiwa, ó rí i pé wọ́n ti gé wáyà méjì tí ó lọ sí ara suwíìsì náà, wọ́n lọ́ wọn pọ̀ mọ́ra, wọ́n sì fi téèpù dúdú wé wọn dáadáa. A pe ẹni tí ó tà á fún wa. Ó ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá, kí ẹ̀rọ má baà máa kú mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ ni.” Èsì yẹn bà mí nínú jẹ́ púpọ̀, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó bá kú nígbà tí ìjókòó ṣófo, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. A fi suwíìsì tuntun sí i kí ẹnikẹ́ni tó gun orí rẹ̀. Ìdánwò rẹ̀ kò le: ẹ jẹ́ kí gbogbo ènìyàn jìnnà, ẹ jókòó, ẹ fa bíréèkì ìdúró, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí abẹ máa yí, kí ẹ wá gbé ìdí sókè díẹ̀ láìsọ̀kalẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá kú, ẹ má san kọ́bọ̀ títí ẹni tí ń tà á yóò fi tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ó kàn. Ìwé ìlò irú ẹ̀rọ yìí sábà máa ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe lò ó lórí ilẹ̀ tí ó bá dà gẹ̀rẹ́ ju dígírì 15 lọ, èyí kì í sì í ṣe ohun tí à ń fi ojú lásán wọ̀n. Igi gbọọrọ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1 ni a lò: a gbé orí rẹ̀ kan lé ilẹ̀ lápá òkè, a fi lẹ́fẹ̀ẹ̀lì àwọn bíríkìlà mú un tẹ́jú láìdà sí apá kankan, a sì wọn àlàfo tí ó wà láàárín orí kejì àti ilẹ̀. Bí àlàfo náà bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 27, ó ti ju dígírì 15 lọ nìyẹn. Ẹ̀yìn ilé àwọn olùkọ́ kọjá sẹ̀ǹtímítà 35, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ti rò pé ibẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀. Àdá àti ẹ̀rọ àgbékọ́jìká ni a ń lò níbẹ̀ títí di òní.

Ní ibi tí kò bá kọjá ìwọ̀n yìí, kí awakọ̀ máa gòkè tààrà kí ó sì máa sọ̀ tààrà, kí ó má ṣe gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti máa ń dojú dé lé ènìyàn lórí. Kí ó má ṣe yí ẹ̀rọ padà lójijì, kí ó má sì yọ ọ́ kúrò nínú jíà kí ó máa yọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bí kò bá lè gòkè mọ́, kí ó pa abẹ, kí ó sì rọra fà sẹ́yìn tààrà. Nígbà òjò, kí a dúró kí koríko gbẹ, torí ilẹ̀ pupa tí omi ti mu kì í di táyà mú.

Àwọn ọmọ ni ó ń kó mi láyà sókè jù. Ẹ̀rọ yìí ń fa ọmọdé mọ́ra, wọn a máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọn a sì máa bẹ awakọ̀ pé kí ó gbé àwọn. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ John Deere àti Husqvarna, bí awakọ̀ bá fẹ́ fà sẹ́yìn nígbà tí abẹ ń yí, ẹ́ńjìnnì yóò kú àfi bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ bọ́tìnnì tàbí tí ó yí kọ́kọ́rọ́ sí àyè kan pàtó. Mo fara mọ́ ètò yìí gidigidi. Òfin wa ni pé kò sí ọmọ kankan lórí pápá nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, a kò sì gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni lé itan, ìbáà ṣe ọmọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Kí awakọ̀ sì bojú wẹ̀yìn, kí ó wo ilẹ̀ pẹ̀lú, kí ó tó fà sẹ́yìn.

Òkúta náà ń bẹ. A máa ń rìn yí pápá ká kí a tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òkúta tí abẹ bá gbá ń jáde bí ọta ìbọn. Ike tí ó bo ẹnu ibi tí koríko ń gbà jáde kò gbọdọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Bí koríko bá há sínú rẹ̀, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a yọ kọ́kọ́rọ́, kí a dúró kí abẹ má yí mọ́, kí a wá fi igi tú u, kì í ṣe ọwọ́. Epo kò ṣeé bù sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, kò sì ṣeé bù sí i nínú yàrá.

Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ òkè ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kò ní nǹkan fi ẹ̀rọ yìí ṣe. Fún ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìtura tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ní pápá títẹ́jú, ó tó owó rẹ̀. Kí wọ́n sì mọ̀ pé bẹ́líìtì àti abẹ rẹ̀ kì í wọ́pọ̀ nítòsí, kí wọ́n gbé ti àtijọ́ lọ́wọ́ tí wọ́n bá ń lọ ra tuntun, kí wọ́n sì wọ̀n wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó sanwó.