Lọ́yà ọjà òkèèrè kan ní Wuse 2, Àbújá
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó yànmọ̀tí láti Kano lọ sí Jámánì, lọ́yà yìí mọṣẹ́. Màmá náà ò sáré gbowó; ìwé àdéhùn èmi àti oníbàárà mi ló kọ́kọ́ kà, ó ní, “Bí wọ́n bá dá ẹrù padà ní Hamburg, ọrùn ta ni àdánù ẹ̀ máa wà?” Ibẹ̀ ni mo ti fọkàn tán wọn. Wọ́n bá mi to ìforúkọsílẹ̀ NEPC (àjọ ìjọba tó ń rí sí kíkó ọjà lọ sókè òkun), fọ́ọ̀mù NXP tá a fi ń kéde ẹrù tó ń lọ sókè òkun ní báǹkì, àti ìwé NAQS (àjọ ìjọba tó ń yẹ irè oko wò) tó jẹ́rìí pé ẹrù ò ní kòkòrò. Ẹ̀wà gbígbẹ ńkọ́? Wọ́n ní kí n gbàgbé ẹ̀, Yúróòpù ti fòfin de tiwa ní 2015 nítorí oògùn apakòkòrò. Owó wọn ga o! Kò sì síbi ìgbọ́kọ̀sí.