Windows àti Ubuntu nínú kọ̀ǹpútà kan: ohun tí ojú mi rí

CorelDRAW, ètò tí mo fi ń ya iṣẹ́ mi, ni kò jẹ́ kí n lé Windows lọ pátápátá. Káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú ni mo ń ṣe, CorelDRAW kò sì sí fún Linux, ìyẹn irú ètò adarí kọ̀ǹpútà tí Ubuntu jẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, ọkàn mi kì í balẹ̀ láti fi í wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, kọ̀ǹpútà mi sì ti gbó ju ohun tí Windows 11 ń gbà. Mo bá fi Ubuntu 24.04 tì í. Oṣù mẹ́ta rèé.

Fáìlì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó GB 6, dátà òru ni mo fi wà á sílẹ̀. Mo kó iṣẹ́ oníbàárà pamọ́ síbòmíràn, mo gé GB 60 kúrò lára C láti inú Windows, mo jẹ́ kí bátìrì kún dẹ́nu (ẹ̀yin náà mọ iná wa), mo wá bẹ̀rẹ̀. Ubuntu bi mí bóyá kí òun jókòó ti Windows ni, àbí kí òun nu gbogbo dísìkì. Ẹ má kánjú tẹ èkejì yẹn o!

Aago ló dójú tì mí. Ubuntu máa ń fi aago inú ẹ̀rọ sí UTC (aago àgbáyé), tiwa ní Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú. Windows ní tirẹ̀ gbà pé aago ilé wa lòun bá níbẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ì bá bá a tún un ṣe, àmọ́ mo ti já Windows kúrò níbẹ̀. Oníbàárà kan dé ní aago mẹ́wàá tí a jọ dá, kọ̀ǹpútà ní mẹ́sàn-án ló lù. Mo ní, “Mọ́mì, ẹ mà tètè dé.” Wọ́n na fóònù wọn sí mi lójú: “Bọ̀dá, ẹ wo aago!” `timedatectl set-local-rtc 1` ni mo tẹ̀ sínú Ubuntu, kí òun náà máa fi aago ilé wa sínú ẹ̀rọ, tó fi tán.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó wà nínú Ubuntu. Ibẹ̀ ni mo ti ń tẹ orúkọ ìdílé pẹ̀lú àmì, tí mo wá ń gbé e lọ sínú Windows. Lákọ̀ọ́kọ́ kò gbà kí n kọ nǹkan kan síbẹ̀: Fast Startup (ohun tó ń jẹ́ kí Windows tètè tàn) ni kì í jẹ́ kí Windows kú tán, ó kàn ń sùn ni. Mo pa Fast Startup, ọ̀nà là.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni GRUB, ojú ìwé tó ń jáde tí a bá tan kọ̀ǹpútà, fi ń dúró kéèyàn yan èyí tó fẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi kì í yan nǹkan kan. Á wọ Ubuntu, á wá máa pariwo pé Corel ti sọnù.